Ọjọ́ Tí Àwọ̀n Bo Òpópónà Ìdí-Òro

Àwọ̀n já bọ́ láti òkè ìloro, ó bo Morẹ́nikẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, òun àti báàgì rẹ̀ àti adìyẹ tí wọ́n fi ṣe é lálejò ní Adó-Èkìtì.

“Ẹ ti kùnà lẹ́ẹ̀mẹta,” ni ilẹ̀kùn wí. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jà. Bí ẹ bá ń jà, yóò máa fún mọ́ yín ni.”

Morẹ́nikẹ́ kò jà. Adìyẹ ló ń jà, àwọ̀n sì ń fún mọ́ àwọn méjèèjì.

Ohùn ilẹ̀kùn yìí tutù bí omi àmù. Ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn ni àwọn tó ṣe é fi sí i lọ́fun, ìdí nìyẹn tí gbogbo agboolé fi ń pè é ní Akọ̀wé. Ó mọ ojú, ó mọ ohùn, ó mọ àtẹ́lẹwọ́, ó sì lè sọ ibi tí òjò ọ̀la yóò ti ṣú wá. Ohun tó ku kí ó mọ̀ ni bí a ṣe ń gbé láàárín ènìyàn.

“Akọ̀wé,” ni Morẹ́nikẹ́ wí láti inú àwọ̀n, “èmi lo ṣe báyìí sí? Èmi tí mò ń fi epo pa ọ́ lára ní gbogbo Sátidé kí o má baà máa han létí àwọn aládùúgbò?”

“Ojú yín jọ ti Ìyáàfin Morẹ́nikẹ́. Ohùn yín jọ tiwọn. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ yìí, ìjọba ní kí àwa ilẹ̀kùn má gba ojú gbọ́ mọ́, kí a má gba ohùn gbọ́ mọ́, nítorí àwọn agbójúwọ̀ ti pọ̀ jù nílùú. Ìbéèrè ni kí a máa bi ènìyàn. Kí ni orúkọ ẹni tó nilé?”

“Mo ti sọ fún ọ. Ìyá ni.”

“Ìyá kì í ṣe orúkọ.”

“Ìyá wa. Ìyá ọkọ mi. Ìyá Àgbà. Èwo ni kò dùn mọ́ ọ nínú nínú gbogbo rẹ̀?”

“Orúkọ tó wà nínú ìwé ilé ni mò ń bèèrè.”

Morẹ́nikẹ́ wo ilẹ̀kùn náà bí ìgbà tí a bá ń wo ọmọ tí wọn kò kọ́ nílé. “Kí n dúró níta gbangba, kí n la ẹnu, kí n pe ìyá tó bí ọkọ mi lórúkọ? Ó wù mí kí n wọlé, Akọ̀wé. Kò wù mí tó bẹ́ẹ̀.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí Olúgbódi yọ ní igun òpópónà.

Fèrè tó wà létí rẹ̀ ló pè é. Orí àga onígbàjámọ̀ ló jókòó sí nígbà tí fèrè dún, ó sì dìde bẹ́ẹ̀, ó sáré wá bẹ́ẹ̀. Apá kan orí rẹ̀ ń dán bí àwo tánganran, apá kejì dúdú kirimù bí igbó. Ẹni tó sanra ni. Ikùn rẹ̀ a máa kọ́kọ́ dé ibi tó ń lọ, a máa kí àwọn ará ibẹ̀ dè é. Òun ni Olùṣọ́ Òpópónà Ìdí-Òro nílùú Iléṣà, bó sì ṣe dé orí oyè náà kì í ṣe nípa eré sísá.

Olè àtijọ́ a máa dá ògiri lu, a máa gun òrùlé, a máa bọ́ lójú fèrèsé, orúnkún rẹ̀ a sì bó. Àwọn ti ìgbà yìí ti di ọ̀gá. Aṣọ-ojú tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà ni wọ́n ń fà bọrí, ìbọ̀wọ́ tó fẹ́lẹ́ bákan náà ni wọ́n ń kì bọ ọwọ́, wọn a sì kan ilẹ̀kùn rẹ pẹ̀lú ojú ọmọ tí o bí. Ìgbà tí ó sì ti di pé olè lè gbé ojú ẹnikẹ́ni wọ̀, ta ni kí àdúgbò wá gbé kọ́kọ́rọ́ àwọn àwọ̀n lé lọ́wọ́? Wọ́n wò yíká. Wọ́n rí Olúgbódi, ẹni tí a bí pẹ̀lú ìka mẹ́fà ní ọwọ́ òsì, tí a sì sọ ní orúkọ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Kò sí télọ̀ olè tó ń rán ìbọ̀wọ́ oníka mẹ́fà. Láràárọ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òsì, wọn a ka ìka, wọn a ní ẹ kú ojúmọ́. Ìka tí àwọn ọmọ iléèwé fi fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ló wá di ohun tí gbogbo òpópónà fi ń sùn.

“Ìyàwó,” ni Olúgbódi wí, ó ń mí hẹlẹ, “ṣé ìwọ ni, àbí kì í ṣe ìwọ?”

“Èmi ni, Ìka-Ọlá, ọkọ mi.”

Orúkọ tí ó fún un ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé e wọlé ìgbéyàwó nìyẹn, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé tó bá nílé lórúkọ àbísọ. Inú Olúgbódi dùn díẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó rántí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fa ojú ro.

“Ohun tí olè náà yóò wí nìyẹn. Orúkọ tí o fi ń pè mí lójoojúmọ́, ta ni kò tíì gbọ́ ọ ní ìta?”

“Kí wá ni kí èmi wí, ọkọ mi, tí olè kò ní wí?”

Olúgbódi ronú sí i. Ó sún mọ́ àwọ̀n.

“Dárúkọ Ìyá,” ni ó wí, ó ń bẹ̀ ẹ́. “Sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ sí Akọ̀wé létí. Èmi yóò wo ibòmíràn.”

“Akọ̀wé kò létí. Gbogbo ara rẹ̀ ni etí.”

Ohùn kan jáde láti inú ilé, ó gbó, kò sì gbọ̀n. “Ta ló wà níta tó ń fi adìyẹ ṣeré?”

Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ nínú àwọ̀n. “Èmi ni, Ìyá. Mo ti dé. Ìyá ọmọ àti ọmọ wà ní àlàáfíà, wọ́n ní kí n kí yín.”

“Kí ló dé tí o kò wọlé?”

“Akọ̀wé ní kí n kọ́kọ́ pè yín lórúkọ.”

“Ó ní kí o ṣe kí ni?” Lẹ́yìn náà: “Akọ̀wé, ṣílẹ̀kùn.”

“Ẹ má bínú, Ìyá,” ni ilẹ̀kùn wí. “Àgbàlagbà tó wà nínú ilé lè ní kí n tì. Kò lè ní kí n ṣí. Òfin ni, láti ìgbà tí bàbá kan ní Òpópónà Tuntun ti ṣílẹ̀kùn fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ-ọmọ rẹ̀.”

“Èmi ni mo kọ́lé yìí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ sì lè tì í.”

Olúgbódi nu òógùn apá tí wọ́n ti fá. Ó mọ ohun tó wà nínú ilé náà. Kì í ṣe wúrà. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e kọjá ojú fèrèsé, àmọ́ òun ló ni ìwé gbogbo agboolé náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni àṣẹ títà wà. Bí agbójúwọ̀ bá ráyè jókòó tì í fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ àgbàdo sísun kan, yóò gbé ojú rẹ̀ lọ, yóò gbé ohùn rẹ̀ lọ, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, Ìyá Àgbà mìíràn yóò ti ta agboolé mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lórí. Ìdílé tó bá rí bẹ́ẹ̀ bọ́ sí ìta kì í padà wọlé mọ́.

Ó tún wo ẹni tó wà nínú àwọ̀n. Morẹ́nikẹ́ ni lójú, Morẹ́nikẹ́ ni lẹ́nu. Àmọ́ olè tí kò bá mọ orúkọ onílé, kí ni yóò fi bojú bí kò ṣe pé ìtìjú ń ṣe òun?

Ibẹ̀ ni ó wà tí Morẹ́nikẹ́ kejì fi dé.

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó gbé irú báàgì kan náà dání, ó wọ irú ìró àti bùbá kan náà, ó sì gbá adìyẹ mọ́ àyà. Adìyẹ tirẹ̀ kò ké, kò yí ọrùn. Ó jókòó sí abẹ́ apá rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ti kìlọ̀ fún kí wọ́n tó jáde nílé.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìka-Ọlá, ọkọ mi,” ni ẹni yìí wí. Ó rí àwọ̀n, ó fọwọ́ lé àyà. “Ta nìyí? Olúwa mi, ojú mi ló gbé wọ̀.”

“Ojú ta ni?” ni Morẹ́nikẹ́ inú àwọ̀n bèèrè.

“Ẹ kú àbọ̀,” ni ilẹ̀kùn wí fún èyí tó dé. “Kí ni orúkọ ẹni tó nilé?”

“Adétutù Fálóhún,” ni obìnrin náà dáhùn, ọ̀rọ̀ náà sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ilá. “Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Ayé ti bàjẹ́, ó yẹ kí a máa bèèrè.”

“Ó dára,” ni ilẹ̀kùn wí. “Ẹ wọlé.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ìbàlẹ̀ ọkàn bá Olúgbódi débi pé ó rẹ́rìn-ín. Wàhálà tán. Èyí tó mọ̀ ọ́n rèé, èyí tí kò mọ̀ ọ́n rèé. Kódà, wo adìyẹ ẹni rere, bó ṣe ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó yí sí inú àwọ̀n, ó ti ń wá èébú tí yóò bú olè.

“Ta ló ń pè mí bí tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ iléèwé?” Ohùn Ìyá Àgbà ni, láti inú ilé.

“Èmi ni, Ìyá,” ni Morẹ́nikẹ́ tuntun wí, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. “Ìyá Adétutù, mo ti dé.”

Ní ojú ẹsẹ̀ yẹn ni Olúgbódi ṣubú sínú kànga.

Kì í ṣe kànga ti ọjọ́ náà. Èyí tó jìn sí lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ bí Àánú ni, tó tún padà wá sí ọkàn rẹ̀, omi rẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró létí kànga, ó fọwọ́ lérí, ó ń ké pé ẹ gbà mí o, Bàbá Àánú ti jìn sí kànga. Bàbá Àánú mẹ́ta ló wà ní Ìdí-Òro nígbà náà. Àwọn ènìyàn sáré lọ bá èkíní, wọ́n bá a lórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n sáré lọ bá èkejì, wọ́n jí i lójú oorun láti bi í bóyá ó ti kú. Wọ́n padà wá bá obìnrin náà: èwo nínú wọn? Ó ní, èyí tó jẹ́ tèmi ni. Wọ́n ní, dárúkọ rẹ̀ kí a lè mọ̀ ọ́n. Ó ń sunkún, ó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kò dárúkọ. Olúgbódi fúnra rẹ̀, pẹ̀lú omi dé ọrùn, ló padà gbójú sókè tó ké orúkọ ara rẹ̀ kí wọ́n tó ju okùn sí i.

Ìyàwó tí kò dárúkọ pẹ̀lú ọkọ nínú kànga. Ìyàwó Ìdí-Òro wo ló wá fẹ́ dárúkọ ìyá ọkọ nítorí kí oòrùn má baà pa á?

Ẹni tó dáhùn ni olè. Ẹni tó kùnà ni onílé.

Olúgbódi sáré gun àtẹ̀gùn. Ó ju ikùn sí ẹnu ọ̀nà.

“Olùṣọ́,” ni ilẹ̀kùn wí, “mo ti ní ó dára. Ẹ sún kúrò.”

“N kò sún.”

“Olùṣọ́ tó bá dí ilẹ̀kùn lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti ní ó dára, ilẹ̀kùn ilé tirẹ̀ yóò tì mọ́ ọn títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó. Ìgbìmọ̀ kì í tètè jókòó. Ṣé ẹ rántí?”

Olúgbódi rántí. Ilé bàbá rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀dì tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí iná níbẹ̀. Ó wo Akọ̀wé, ó wo ẹni tó wà nínú àwọ̀n pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ nírun. Bó bá ṣìnà, ó ti lé onílé sẹ́yìn, ó sì ti sọ ara rẹ̀ di aláìnílé nítorí olè.

“Tì í mọ́ mi,” ni ó wí. “Aya ilé yìí ló wà nínú àwọ̀n.”

Morẹ́nikẹ́ àtẹ̀gùn mí kanlẹ̀. “Ó mà ṣe o,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì jẹ́ ti obìnrin mọ́. Ó fọwọ́ ra ojú. Ojú náà yọ́ bí òrí tó rí oòrùn, ó tún dì. Ìró di ṣòkòtò. Ikùn yọ, ó wú, ó wú, bí bọ́ọ̀lù tí a ń fọn atẹ́gùn sí. Apá kan orí rẹ̀ fá, apá kejì hu irun. Adìyẹ já bọ́ sílẹ̀, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kò wí nǹkankan.

Olúgbódi bá ara rẹ̀ ní ojúkojú.

Bí ẹ̀yin bá rí i, kí lẹ ó ṣe? Òun fò mọ́ ọn. Wọ́n dì mọ́ra, ikùn gbá ikùn, wọ́n yí gbirigbiri sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n yí ká àwọ̀n. Nígbà tí wọ́n dìde, tí wọ́n ń mí hẹlẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyá tó bí Olúgbódi ì bá sọ pé ìbejì lòun bí.

“Olè nìyí,” ni ọ̀kan wí.

“Olè nìyí,” ni èkejì wí, ó tún fi kún un pé, “Akọ̀wé, ṣílẹ̀kùn kí n wọlé lọ dáàbò bo Ìyá.”

“Mo rí Olùṣọ́ méjì,” ni ilẹ̀kùn wí, ó ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ó tún ń padà díẹ̀díẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò dá a lójú. “Ẹ gbé ọwọ́ òsì sókè.”

Olúgbódi òtítọ́ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí Ọlọ́run dá ọwọ́ rẹ̀ sí rèé. Ó gbé e sókè: ìka mẹ́fà.

Èkejì gbé tirẹ̀ sókè. Ìka mẹ́fà.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó ka ìka náà, ó tún un kà. Wọ́n ti rán an. Télọ̀ kan ti jókòó níbì kan, ó ti fi abẹ́rẹ́ olówó iyebíye rán ìka kẹfà, nítorí òun nìkan. Ẹ̀rù bà á dé mùdùnmúdùn egungun, síbẹ̀ mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ènìyàn tó jẹ́: àyà rẹ̀ tún wú fìn-ín pẹ̀lú ẹ̀rù náà, pé òun náà ti di ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ ránṣọ.

“Ẹ̀yin ọkọ mi méjèèjì,” ni Morẹ́nikẹ́ pè wọ́n láti inú àwọ̀n, jẹ́ẹ́jẹ́. “Ẹ yí ẹ̀yìn sí mi. Ẹ kọjú sí òpópónà. Ẹ na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, kí ẹ ti ìka kékeré yẹn bọ ojú àwọ̀n fún mi.”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?” ni ọ̀kan bèèrè.

“Mo fẹ́ kí ìka náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.”

Ta ni yóò kọ̀? Ẹni tó bá kọ̀ ti jẹ́wọ́. Wọ́n yí ẹ̀yìn. Wọ́n na ọwọ́. Morẹ́nikẹ́ ti adìyẹ kúrò níwájú, ó tẹ̀ síwájú lórí orúnkún, ó yan ọ̀kan, ó sì ki eyín bọ̀ ọ́ tọkàntọkàn.

Igbe tí Olúgbódi ké lọ́jọ́ náà, a gbọ́ pé àwọn tó wà lójà gbé ẹrù wọn kúrò nílẹ̀. Ó fò sókè, ó já bọ́, ó ní yéè, ìka mi, ìka bàbá mi.

Lójú ẹsẹ̀ náà ni èkejì náà ké. Igbe rẹ̀ dára, ó dùn, ó tilẹ̀ dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun náà fò sókè. Òun náà ní yéè, ìka mi, ìka bàbá mi.

“Ìwọ,” ni Morẹ́nikẹ́ wí, “èmi kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ.”

Adìyẹ òtítọ́ pàápàá ṣíwọ́ ìjà.

Olè náà kò dúró ṣàlàyé. Ó ta sí ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ó ti orí bọ inú rẹ̀, ó ti èjìká bọ inú rẹ̀.

“Akọ̀wé,” ni Ìyá Àgbà wí láti inú ilé, “wọ́n ní mo lè tì ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Tì.”

Ilẹ̀kùn sì tì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ì bá ti kọjá, ṣùgbọ́n olè yìí kò tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́. Ikùn tó jí gbé ló mú un. Ó há síbẹ̀ ní ìbàdí, ẹsẹ̀ níta, orí nínú ilé, Ìyá Àgbà sì ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ kan án lórí díẹ̀díẹ̀, ó ń bi í pé ọmọ ta ni, àwọn òbí rẹ̀ ńkọ́. Nígbà tí aṣọ-ojú já kúrò, ọmọkùnrin kan báyìí ni, eegun lásán. Morẹ́nikẹ́ gbọ́ ohùn tó fi ń bẹ Ìyá, ó mọ̀ ọ́n: ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ láti Adó ni, tó yin adìyẹ rẹ̀, tó sì wò ó lójú pẹ́ títí bí ẹni fẹ́ fi í ṣaya. Orúkọ onílé kò ṣòro fún un. Inú ìwé ló wà, olè sì mọ ìwé kà.

“Olùṣọ́ Olúgbódi,” ni ilẹ̀kùn wí, “ẹ ṣeun. Ilẹ̀kùn ilé yín ti tì mọ́ yín báyìí.”

“Olè ni mo dí lọ́nà.”

“Mo rí i. Mo ti kọ ọ́ sí ìgbìmọ̀ pé ẹ ṣe dáadáa. Ó ṣì tì.”

Olúgbódi kọ ẹ̀yìn sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ká àwọ̀n lórí Morẹ́nikẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì lé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àwọ̀n kò gbọ̀n. Ó tún un fi lé e. Ó wo ìka kẹfà. Ó ti wú tó àgbálùmọ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò mọ̀ ọ́n.

“Ẹ má bínú, ọkọ mi,” ni Morẹ́nikẹ́ wí. “N kò fẹ́ kí eyín mi kùnà.”

“Ìyàwó,” ni Olúgbódi wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní iwájú rẹ̀, òun tó dàgbà jù ú lọ, pẹ̀lú orí àfákù àti gbogbo ikùn, “ẹni tó fún ọ léyín yẹn ṣe é dáadáa.”

Ìgbà tó dìde ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ fèrè etí rẹ̀. Ó ti ń dún tipẹ́. Ìjà ni kò jẹ́ kó gbọ́. Kì í ṣe fún àwọ̀n kan. Ó kọjú sí òpópónà, ó sì dúró.

Ní gbogbo ẹnu ọ̀nà, láti ojúlé dé ojúlé, àwọ̀n ti já bọ́, ìyàwó ilé kan sì jókòó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ti ọjà dé, ilẹ̀kùn bi wọ́n, wọn kò dáhùn. Èyí ń ṣa ẹ̀wà. Èyí ń di irun ọmọ rẹ̀ tó wà níta àwọ̀n. Àwọn méjì ń bá ìjà àná lọ láti inú àwọ̀n sí inú àwọ̀n. Ìyá arúgbó kan, tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó dá òfin ilẹ̀kùn sílẹ̀, jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí orúkọ olóògbé ló ṣì wà nínú ìwé. Ní Òpópónà Tuntun, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń dáhùn ìbéèrè kíákíá, àwọn ilẹ̀kùn ń ní ó dára, ó dára láti àárọ̀, ilé tó ṣófo níbẹ̀ kò níye. Ní Ìdí-Òro, olè kan ló wọlé, ìdajì ara rẹ̀ ló sì wọlé.

Olúgbódi ń kọjá láàárín wọn, wọ́n ń kí i.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùṣọ́. Ṣé ẹ ó ká a?”

“Ìka ló wú.”

“Ta ló bù yín jẹ?”

“Ọ̀kan nínú yín ni.”

Ẹ̀rín ń bá a lọ ní ẹ̀yìn láti àwọ̀n dé àwọ̀n. Ó dé ilé tirẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ tì gbagidi. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àánú, wà níwájú rẹ̀ nínú àwọ̀n, ó fi báàgì ṣe ìrọ̀rí, ó na ẹsẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá Àánú,” ni ó wí. “Oúnjẹ wà nínú ilé. Ó ku ẹni tí yóò jẹ ẹ́.”

“Ilẹ̀kùn ti tì mọ́ èmi náà.”

“Mo gbọ́. Igbe yín sọ ọ́ fún wa, ìyókù ni àwọn obìnrin sọ. Ẹ mú ọwọ́ wá.”

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, ó ki ọwọ́ òsì bọ ojú rẹ̀. Ìyá Àánú tú òrí jáde nínú báàgì, ó ń fi í pa ìka náà, ó ń fẹ́ ẹ látẹ́gùn ẹnu. Oòrùn ti ń lọ, òjìji òrùlé ti dé ẹsẹ̀ wọn.

“Láti ìgbà wo lo ti wà níbí?” ni ó bi í.

“Ó ti pẹ́.”

“Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Bó bá ku ìwọ àti ilẹ̀kùn nìkan. O kò ní sọ orúkọ náà, kí o wọlé lọ sinmi?”

Ìyá Àánú ronú sí i dáadáa, nítorí ó fẹ́ràn láti sọ òtítọ́ fún un. “Kànga yẹn jìn ju ilẹ̀kùn yìí lọ,” ni ó wí.

Olúgbódi gbé ojú sókè. Ó wo òkè òpópónà, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wo gbogbo àwọn obìnrin tó ń ṣọ́ ilé tí wọn kò lè wọ̀, ó sì rò ó pé òun ni wọ́n fi oyè Olùṣọ́ dá lọ́lá.

“Rọra,” ni ó wí.

“Mò ń rọra.”

Obìnrin kan ké sí wọn láti inú àwọ̀n tirẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀hún. “Ìyá Àánú, ṣé wíwú ìka ti ń fà? Ọmú ti kún mi láyà.”

“Ó ń fà,” ni Ìyá Àánú dáhùn. “Ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i.” Ó wo ìka náà. Ó ti fà tán, ó ti padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ó tún bu òrí sí i, ó sì ń pa á lọ, kò tíì fẹ́ kí ọwọ́ náà kúrò lọ́wọ́ òun.